Sí Ààrẹ Tinúbú: Ẹni Tí Ebi Ń Pa Kò Lè Dúnàádúrà Owó Iṣẹ́

 Ààrẹ wa, Bọ́lá Ahmed Tinúbú, ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà ni mo ní í bá yín sọ, àmọ́ kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ti alágbàṣe ni.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ẹ buwọ́ lu òfin tó gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti ₦30,000 dé ₦70,000. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò tó 25. Lébìrà tó ń po sìmẹ́ǹtì ní Gwarinpa, ní Abuja níbí, ńkọ́? Alábàárù ọjà Wuse ńkọ́? Obìnrin tó ń fọṣọ kiri ilé ní Maitama ńkọ́? Ebi ló ń bá wọn dúnàádúrà owó iṣẹ́ wọn. Bí lébìrà bá jí ní Nyanya tí kò sí gààrí nílé, iye tí onílé bá pè ni yóò gbà. Bó bá kọ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbà á, nítorí ebi ń pa tọ̀hún náà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan bá wà nílé rẹ̀ ló lè wí pé, "Owó yìí kéré, mi ò ṣe."

Ìdí nìyí tí owó ìrànwọ́ mẹ́kúnnù fi jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba yín kéde ₦25,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún mílíọ̀nù 15 ìdílé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n ti dá ètò náà dúró nítorí ìwádìí lórí owó rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì tíì fojú kan kọ́bọ̀. Ìwádìí tọ́, gbèsè Báńkì Àgbáyé wà nínú owó yẹn, àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbójú lé owó tí kò mọ ọjọ́ tí yóò dé, kó wá fi kọ iṣẹ́ ìyà?

Àwọn kan ń sọ pé owó ọ̀fẹ́ ń sọ tálákà di ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n a lè fi iṣẹ́ ṣe ìrànwọ́ náà: ẹ wo Íńdíà. Ní 2005, wọ́n ṣe òfin pé ìdílé abúlé kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ ìjọba ọjọ́ 100 lọ́dún, pẹ̀lú owó ọ̀yà. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé owó tí àwọn aládàáni ń san fún alágbàṣe náà lọ sókè, torí pé alágbàṣe ti ní ibòmíràn tó lè lọ. Bí a bá ṣe irú rẹ̀ níbí, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ àti ti lébìrà yóò wọ́n sí àwa tí à ń gbà wọ́n síṣẹ́ ní Abuja. Kó wọ́n.

Abuja kò ní gómìnà. Ọwọ́ yín ló wà. Ẹ fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní Abaji, Kwali àti Kuje. Ẹ gba àwọn alágbàṣe sí iṣẹ́ gọ́tà àti ọ̀nà abúlé, kí owó wọn má wà nísàlẹ̀ òṣùwọ̀n òfin. Ní ti owó ìrànwọ́, ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ sínú òfin, kí mínísítà kankan má lè dá a dúró láìkọ́kọ́ lọ ṣàlàyé níwájú Ilé Aṣòfin.

Èmi ni, olùgbé Kubwa kan.