Tudu Ga, Àmọ́ Ọ̀nà Ilé Ńkọ́?

Oṣù kẹfà ti dé, oṣù tí òjò máa ń pọ̀ jù lọ ní Accra. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ kí oníkálukú wò kó tó kúrò nílé láàárọ̀, àti kó tó pàtẹ mọ́ nírọ̀lẹ́.

Ní Tudu níbí lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú dùdù ní apá àríwá. Mo bi ìyá kan tó ń tajà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Aflao pé, "Ìyá, ẹ ò ní tètè máa lọ sílé báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o gbàgbé ibi tá a wà ni? Tudu kì í kún."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ṣé Tudu lẹ máa sùn ni?"

Ó dákẹ́. Alajo ni ilé rẹ̀ wà.

Ìyá yìí ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Lédè Haúsá, ilẹ̀ gíga ni "tudu" túmọ̀ sí. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ni omi ń lọ, ìsàlẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà lọ sílé. Láti apá òkè Akwapim ni odò Odaw ti ń ṣàn bọ̀. Ó ń gba Achimota àti Alajo, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kwame Nkrumah Circle àti Agbogbloshie, kó tó wọ ọ̀sà Korle, tí yóò sì já sínú òkun. Omi òjò tó bá rọ̀ ní gbogbo apá òkè yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wọ́ lọ. Bí ọ̀rá àti ìdọ̀tí bá ti dí i, tí ilé sì há a mọ́ lọ́tùn-ún lósì, àfi kó ya wọ ìgboro. Ìdí nìyí tí ẹ̀kán òjò kan lè má kán sí yín lára ní Tudu, kí àgbàrá sì ti máa dúró dè yín ní Circle. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Àgbàrá ní tirẹ̀ ń pa ẹni tí eji kò rí.

A ò jẹ́ gbàgbé alẹ́ ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, ọdún 2015. Òjò ńlá rọ̀, Circle kún, àwọn èèyàn sì sá wọ ilé epo kan kí òjò má bàa pa wọ́n. Epo dà pọ̀ mọ́ àgbàrá, iná sì ràn mọ́ ọn. Èèyàn tó lé ní 150 ló kú. Àwọn tó bá mọ Ìbàdàn náà kò ní gbàgbé omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ọ̀nà jíjìn. Lórí àwọn òkè ńlá Switzerland, àwọn èèyàn máa ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yọ̀ lórí òjò dídì, fún eré ìdárayá. Lójoojúmọ́ nígbà òtútù ni ìjọba ń kéde bí ewu ṣe tó pé kí òjò dídì ya lulẹ̀ láti orí òkè, kó sì bo èèyàn mọ́lẹ̀. Wọ́n ń fi nọ́ńbà 1 sí 5 sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá kéde 5, oníkálukú á jókòó sílé. Nígbà tí wọ́n bá kéde 3 ni ọ̀pọ̀ ń kú, nítorí wọ́n rò pé 3 kò tíì burú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni tó kú, tàbí ti ẹni tí wọ́n jọ ń lọ, ló jí ewu náà.

Bó ṣe rí pẹ̀lú àgbàrá nìyẹn. Omi kì í sábà wá bá èèyàn lórí òkè Tudu. Àwa la máa ń wọ inú rẹ̀ lọ, nítorí a rò pé kò jìn.

Nítorí náà, láàárọ̀, ẹ gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tí iléeṣẹ́ GMet ń gbé jáde, lórí rédíò tàbí fóònù. Ẹ máa fi ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà lọ sílé gbọ́ ọ, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ pàtẹ sí nìkan. Bí òjò bá rọ̀ lánàá, ẹ rántí pé ilẹ̀ ti mu omi yó, gọ́tà sì ti kún. Lọ́sàn-án, ẹ wo apá àríwá, kẹ́ ẹ sì pe aládùúgbò kan nílé.

Bí òjò bá ká yín mọ́ ọjà, ẹ dúró. Omi tó ń ṣàn tí kò ju ínǹṣì 6 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tó tó ẹsẹ̀ bàtà 1 lè gbé ọkọ̀ kékeré, ẹsẹ̀ bàtà 2 sì lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tá à ń wọ̀. Lóru, ẹ ò ní mọ ibi tí gọ́tà là sílẹ̀ sí. Ẹ má sá sí ilé epo, ẹ má sì dúró lábẹ́ òpó iná. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ ìdílé. Ẹ jọ fẹnu kò sí i nílé pé ẹni tí òjò bá ká mọ́ ọ̀nà yóò dúró, yóò sì pè, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a jà pé ó pẹ́ dé. Ìbínú tó ń dúró de èèyàn nílé ti lé ọ̀pọ̀ wọ inú omi.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá náà, ó gbé fóònù, ó pe àkọ́bí rẹ̀. Alaalẹ́ ni ọmọ náà máa ń jáde wá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà láti bá a ru ẹrù. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, má wá pàdé mi o. Tudu ni màá sùn. Ti àwọn àbúrò ẹ mọ́lé."

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.