Ìwé Àṣẹ Kì í Ṣe Ọjà Títà

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá fi iṣẹ́ ọdún gbọọrọ sílẹ̀ nítorí ìwé kan ṣoṣo.

Lónìí, láti Pópó Yemọja dé Màpó, ojú àwọn ọ̀dọ́ wà ní òkè òkun. Wọ́n mọ iyì ìwé náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 ni Ìlú Ọba kò ti gba olùtọ́jú arúgbó tuntun láti òkè òkun mọ́. Alágbàtà tí ó bá ṣì ń polówó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òfo ni ó ń tà. Ní ti iṣẹ́ mìíràn, ìjọba ibẹ̀ ti fi orúkọ àwọn agbanisíṣẹ́ tí ó ní àṣẹ síta, lọ́fẹ̀ẹ́.

A kò bá arìnrìn-àjò jà. Ṣùgbọ́n a kì í ta ilé baba ẹni nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá àwọn òbí yẹ orúkọ wọ̀nyí wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti máa kó òṣìṣẹ́ lọ sí òkè òkun láìgba àṣẹ ìjọba. Ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún léèrè ìdí tí òfin náà fi ń sùn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.