Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni owó tòlótòló máa ń ṣòfò

Tó bá ti di nǹkan bí oṣù Kẹfà, àwọn tó fẹ́ fi tòlótòló pawó Kérésìmesì a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ tòlótòló ọlọ́jọ́ kan kiri, àwọn ará Ìmẹ̀sí-Ilé, níjọba ìbílẹ̀ Obòkun, kò sì gbẹ́yìn. Èrò náà mọ́gbọ́n dání. Láti ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kẹ́nikẹ́ni má kó adìẹ àti tòlótòló inú yìnyín wọ Nàìjíríà mọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì lèyí tó ṣì ń wọlé ń gbà. Ẹni tó bá ní tòlótòló ààyè lẹ́yìnkùlé lóṣù Kejìlá kò ní í wá oníbàárà tì.

Àmọ́ kì í ṣe oṣù Kejìlá lowó náà ń bọ́ sọnù, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni. Ká ní ẹnì kan ra ogún ọmọ tòlótòló ní 3,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, 60,000 náírà nìyẹn. Bí méjìlá bá kú nínú wọn, mẹ́jọ tó kù ló máa ru owó ogún: ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di 7,500 náírà, láì tíì ka owó oúnjẹ àti èédú. Láti ọdún 2023 tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè, tí náírà sì já wálẹ̀, oúnjẹ ẹyẹ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí méjìlá kú mọ́ lọ́wọ́ á ní ẹni tó ta ọmọ tòlótòló fún òun ló lu òun ní jìbìtì.

Òtútù ló kọ́kọ́ ń pa wọ́n. Àárín òkè ni Ìmẹ̀sí-Ilé wà, òru ibẹ̀ a sì máa tutù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tó tó ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ọmọ tòlótòló nílò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi bíi mẹ́ta dín in kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n, kó wo àwọn ẹyẹ náà: bí wọ́n bá ń gun ara wọn lórí, òtútù ń mú wọn; bí wọ́n bá sá lọ sẹ́bàá ògiri, ooru ti pọ̀ jù. Nígbà tí iná mànàmáná kò ṣe é gbọ́kàn lé, ìkòkò èédú ló kù. Kí wọ́n má ṣáà ti gbogbo fèrèsé pa, torí afẹ́fẹ́ inú èédú ń pa ẹyẹ àtèèyàn láì rùn rárá.

Èkejì ni dída adìẹ mọ́ tòlótòló. Ọmọ tòlótòló lè dúró ti oúnjẹ kí ebi sì pa á kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ju òròmọdìẹ méjì mẹ́ta sáàrin wọn, kí wọ́n lè máa wò wọ́n jẹun. Ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè ní irọ́ ni. Àmọ́ aràn kan wà nínú ìfun adìẹ tó ń gbé kòkòrò àrùn blackhead kiri. Adìẹ lè ní in kó má ṣe é ní nǹkan kan. Tó bá dé ara tòlótòló, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á pọ́n bí imí ọjọ́, ó sì lè pa èyí tó pọ̀ jù nínú agbo. Òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìpamọ dé kò léwu tó èyí tó ti ń jẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin aràn yìí a máa pẹ́ nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà ibi tí adìẹ ti jẹ̀ léèṣí kò yẹ tòlótòló. Kí wọ́n máa fi ìka kan oúnjẹ fún wọn, kí wọ́n sì ju òkúta kéékèèké tó ń dán sínú omi wọn. Wọ́n á kọ́ ọ. Oúnjẹ òròmọdìẹ náà kò tó wọn: bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni èròjà amúradàgbà inú rẹ̀, bíi 28 sì ni ọmọ tòlótòló ń fẹ́.

Ìmẹ̀sí-Ilé gan-an ni kò yẹ kó máa fojú díwọ̀n ohun ọ̀sìn. Ibẹ̀ ni Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild n'Iléṣà, ti dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fàmì sí káàdì tí ìyá rẹ̀ ń mú lọ sílé, irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tó ń fi hàn ni pé ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gòkè mọ́ ti wà nínú ewu kí ojú tó rí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti tòlótòló. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òṣùwọ̀n kékeré, ìwé àti bírò ti tó: kí wọ́n wọn márùn-ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ iye oúnjẹ tí wọ́n rà àti iye ẹyẹ tó kú.

Kò sì pọn dandan kí gbogbo ilé máa tọ́ ọmọ ọlọ́jọ́ kan. Ẹnì kan ládùúgbò tó ń gbélé, tó sì ní sùúrù, lè fi títọ́ wọn dé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣòwò, kó wá tà wọ́n fáwọn yòókù. Wọ́n á san jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹyẹ tí wọ́n sanwó rẹ̀ ni wọ́n á rí tà. Ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára lúkúlúkú tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè lò tán lọ, tí wọ́n bá sì ti tú u, kì í dọjọ́ kejì. Àwọn ilé tó bá dáwó jọ nìkan ló ń lò ó láì fi ṣòfò.

Ṣùgbọ́n oṣù Keje ni gbèdéke. Ọmọ tòlótòló ọlọ́jọ́ kan tó bá wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọdún Àjíǹde ló máa bá.