Ẹ Má Wá Olùgbàlà Nínú Àpótí Ìbò

Ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2015, nígbà tí Muhammadu Buhari àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, APC onígbàálẹ̀, ní àwọn fẹ́ yí gbogbo Nàìjíríà padà, márùn-ún nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ló gbè é. Àwọn tó wo ọrùn kò pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ọrùn náà kò fara sin. Ọkùnrin yìí ti ṣèjọba rí, láti ìparí ọdún 1983 títí di oṣù Kẹjọ ọdún 1985. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti fi òfin ológun tí wọ́n ń pè ní Decree 4 ju akọ̀ròyìn méjì ti ìwé ìròyìn The Guardian sẹ́wọ̀n. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti sọ Fela olórin náà sẹ́wọ̀n. Abẹ́ rẹ̀ kan náà ni wọ́n ti yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta nítorí oògùn olóró, pẹ̀lú òfin tí wọ́n mú kí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé ẹ̀yìn, kó lè mú ẹni tó ti ṣẹ̀ kí òfin tó jáde. Ẹni tó bá rán wọn létí, èsì kan ni wọ́n ń fún un: Bàbá ti yí padà.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ kí Jonathan, ààrẹ ìgbà náà, lọ. Ìlú ti sú àwọn èèyàn, àwọn agbésùnmọ̀mí ti jí àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé Chibok kó lọ, owó ìlú ń wọ àpò aládàáni. Ohun tí mo kórìíra ni àdúrà tí wọ́n fi ìbò gbà. Ọmọkùnrin kan fẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Àbújá láti lọ kí ààrẹ tuntun. Ta ló tún fẹ́ bi irú ààrẹ bẹ́ẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀?

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Olóṣèlú tó bá ní òun máa gbẹ́ kànga mẹ́wàá, a lè lọ kà á. Èyí tó ní gbogbo nǹkan máa yí, níbo la ó ti mú un? Ó ju oṣù márùn-ún lọ kí Buhari tó búra fún àwọn mínísítà rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì ní ó ń fara balẹ̀ ni. Nígbà tí ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn èèyàn, tí wọ́n sì ń pariwo, agbẹnusọ rẹ̀ fún wọn lórúkọ ẹlẹ́kún. Lítà epo bẹntiróòlù tó jẹ́ 87 náírà di 145 ní ọdún 2016. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 197 náírà lọ́wọ́ báńkì ìjọba nígbà tó dé ti lé ní 460 nígbà tó ń lọ.

Owó ṣì kéré níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn ọmọ ogun pa àwọn ọmọlẹ́yìn El-Zakzaky, olórí àwọn ẹlẹ́sìn Ṣíà, tó ju 300 lọ ní Zaria. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n tú olórí wọn sílẹ̀, ìjọba kọ̀. Ní ọdún 2018, Buhari dúró níwájú àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ yìí, ó sọ fún wọn pé ààbò orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ borí òfin. Bàbá ò yí padà rárá.

Ó ṣe dáadáa níbì kan. Òun ló fún June 12, ọjọ́ ìbò ọdún 1993 tí wọ́n fagi lé, ní iyì tó tọ́ sí i, ọkọ̀ ojú irin sì ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Òfin ìdìbò ọdún 2022 náà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti kọ̀ láti buwọ́ lu irú rẹ̀ kó tó gbà.

Nígbà tí Bọ́lá Tinubu ní òun ló kàn láti di ààrẹ, ní Abẹ́òkúta ní ọdún 2022, inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó kéré tán, ẹni tó gbọ́ ọ mọ ohun tó gbọ́. Níbẹ̀ náà ló ti fọ́nnu pé bí kì í bá ṣe òun, Buhari ò ní wọlé.

Ẹ wo ìdí odi wa níbí. Ní orílẹ̀-èdè Benin, Patrice Talon, oníṣòwò òwú, wọlé ní ọdún 2016 pẹ̀lú ìlérí pé sáà kan péré lòun máa lò. Nígbà tó di 2019, àwọn ẹgbẹ́ tirẹ̀ nìkan ló rí ọ̀nà dé orí ìwé ìbò, wọ́n sì kó gbogbo àga 83 tó wà nílé aṣòfin. Ní 2021, ó gba sáà kejì.

Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2019 yẹn kan náà ni Ahmad Lawan, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, sọ ní gbangba pé ohunkóhun tí ààrẹ bá béèrè, ire Nàìjíríà ni. Kí la wá ń sanwó oṣù fún un fún?

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ya àwòrán ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn sára ọkọ̀ de ìbò ọdún 2027, ìbáà ṣe Tinubu, ìbáà ṣe Obi, ìbáà ṣe ẹlòmíì, ẹ dìbò fún un bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n tó bá kan ti aṣòfin, ẹ fi ìbò yín fún ẹni tó lè wo ojú rẹ̀ kó sọ pé rárá.