Owó àwọn tó ń kọ́ni lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìlọrà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. A ó pe afọnfèrè wá sí àjọ̀dún, yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọ wa, tó bá parí, a ó ní, "Ọlọ́run á san án fún yín." Ṣebí àwa la pè é?

Ẹ ka Nehemáyà 13:10. Nígbà tí wọn ò fún àwọn akọrin ní ìpín wọn, oko ni kálukú sá lọ. Tiwa, orí ọ̀kadà ni.

Ààwẹ̀ nìkan ò lè kọ́ni ní dùùrù o! Thomas Ekundayo Phillips kọ́ṣẹ́ orin ní Trinity College of Music, London. Láti 1914 títí di 1962 ló fi tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ, Marina, l'Ékòó. Ọdún 48! Ọwọ́ rẹ̀ ni Fela Sowande (kì í ṣe Fela Kútì o) ti kọ́ ọ, òun náà ló kọ African Suite ní 1944, tó sì di olùkọ́ ní yunifásítì.

Ìjọ tó ń ra jẹnẹrétọ̀, ṣé kò lè sanwó oṣù fún tíṣà orin? Tí a bá jókòó lórí owó ṣọ́ọ̀ṣì, màá gbé e kalẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ sípíkà tuntun.