Erékùṣù tí ọkọ̀ àlejò kì í gúnlẹ̀ sí

Ẹ jẹ́ ká kúrò nílé díẹ̀ lónìí, ká bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun gbafẹ́ lórí òkun dé Seychelles, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá mọ ìtàn Àṣáńtì ti gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí: ibẹ̀ làwọn Gẹ̀ẹ́sì kó Ọba Prempeh lọ ní 1900, ó sì di 1924 kó tó padà rí ilé. Àwọn tó ń lọ báyìí, owó ara wọn ni wọ́n fi ń lọ. Wọ́n á háyà ọkọ̀ ní Mahé, atẹ́gùn á gbé wọn láti erékùṣù kan dé òmíràn.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé Cousin, onílé ló ń ṣòfin. Erékùṣù kékeré ni, hẹ́kítà 27 péré. Oko ọ̀pẹ ńlá kan lè fẹ̀ jù ú lọ. Bó ti wù kí ọkọ̀ rẹ dára tó, kò gbọdọ̀ kan iyanrìn ibẹ̀. Wàá dúró sójú omi, àwọn olùṣọ́ á fi ọkọ̀ kékeré tiwọn wá gbé ọ. Kò sí èbúté. Awakọ̀ á dúró de ìgbì, á sì fi eré gun etíkun lẹ́ẹ̀kan náà. Kí kálukú yáa di ibi ìjókòó rẹ̀ mú.

Kí ló fa gbogbo èyí? Eku ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eku a máa sá pamọ́ sínú okùn àti ẹrù ọkọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹyẹ funfun kan wà tí kì í kọ́ ìtẹ́: orí ẹ̀ka gbalasa ló ń yé ẹyin kan ṣoṣo rẹ̀ sí. Eku aboyún kan ṣoṣo tó láti bẹ̀rẹ̀ ìparun.

Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹyẹ kékeré kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní rousserolle des Seychelles. Eku àti ológbò pa á run ní àwọn erékùṣù míì. Ní Cousin, àwọn olóko gé igbó, wọ́n gbin àgbọn. Nígbà tó fi máa di 1968, bíi 26 péré ló kù lágbàáyé, Cousin nìkan ni wọ́n sì wà. Ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ra erékùṣù náà lọ́dún yẹn, wọ́n sì jẹ́ kí igbó hù padà. Ẹyẹ náà lé ní 300. Ní 1988 wọ́n kó 29 lọ sí Aride, lẹ́yìn náà sí àwọn erékùṣù míì. Wọ́n ti ju 3,000 lọ báyìí.

Ẹyin kan ni í sábà yé. Ọmọ tó ti dàgbà, dípò kó fò lọ, á dúró ti àwọn òbí rẹ̀, á máa bá wọn wá kòkòrò fún àbúrò. Mo mọ̀ pé ìyá kan á ti máa sọ pé, "Ẹ ò rí ọmọ rere!" Ẹ dákẹ́ ná. Nígbà tí wọ́n dé Aride, tí àyè pọ̀, àwọn ọmọ fi òbí sílẹ̀, kálukú lọ gba ibi tirẹ̀. Ìgbà tí ibi tó dára kún tán ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Mo mọ ilé tó jẹ́ pé àìsí ilẹ̀ oko ló so ọmọ mọ́ bàbá.

Òwúrọ̀ ni wọ́n ń gbàlejò ní Cousin. Olùṣọ́ á mú ọ rìn. Bí àkókò bá bá a mu, wàá rí ìjàpá òkun tó ń gòkè wá yé ẹyin lójú ọ̀sán gangan. Àlejò kì í sun ibẹ̀. Wọ́n á dá ọ padà sínú ọkọ̀ rẹ, kó o wá lọ ju ìdákọ̀ró alẹ́ sí ẹ̀bá Praslin.