Ìdí igi ọsàn ni ká wò, ká yé wá ẹlẹ́bi kiri

Láti Kétu dé Pobẹ̀ títí dé Sakété, bí igi ọsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń jáde lẹ́nu wa. Àwọn kan á ní ọ̀dá ni, àwọn mìíràn á ní ilẹ̀ ti ṣá, àwọn tó kù á ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Èrò tèmi ni pé ká tó fura sí aládùúgbò, ká kọ́kọ́ lóṣòó sí ìdí igi náà. Bí oje bíi gọ́ọ̀mù bá ń sun lára èèpo rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, tí èèpo náà dúdú, tó sì ń jẹrà, àrùn ìdí jíjẹrà ni. Kòkòrò àìfojúrí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora ló ń fà á. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, omi ló sì fi ń rìn. Bó bá jẹ èèpo yíká, oúnjẹ tí ewé ń ṣe kò ní dé gbòǹgbò mọ́, igi á sì kú.

Àrùn yìí kì í ṣe tuntun. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, ó ba oko ọsàn jẹ́ ní erékùṣù Azores, tó jẹ́ ti àwọn Potogí. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀ ibi púpọ̀ ń so ẹ̀ka ọsàn dídùn mọ́ gbòǹgbò ọsàn kíkan, nítorí pé èyí lágbára láti fara da àrùn náà. Ṣùgbọ́n ọsàn kíkan náà ní àléébù tirẹ̀: bí àrùn tristeza bá wọ oko, ọsàn dídùn tí a so mọ́ ọn kì í sábà là á já. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹni tó ń ta ọ̀gbìn ọsàn gba owó àgbẹ̀ láì sọ irú gbòǹgbò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba fi dandan lé e, kí àwa náà sì máa bèèrè ká tó sanwó.

Èyí tó kù, ọwọ́ wa ló wà. À ń wa ilẹ̀ jọ sí ìdí igi, à ń kó koríko tì í, a sì ń fi ọkọ́ àti àdá ṣá a lẹ́sẹ̀ nígbà tí a bá ń roko. Ojú ọgbẹ́ yẹn gan-an ni àrùn ń gbà wọlé. Ẹ gbin ọsàn débi tí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á fi ga ju ilẹ̀ lọ, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ la ojú omi kí àgbàrá má dúró níbẹ̀. Bí àrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ ha èèpo tó ti rà kúrò, kí ẹ fi bouillie bordelaise kun ojú rẹ̀.

Ọdún 3 sí 5 ni igi tí a so ń lò kó tó so dáadáa. Owó ilé ìwé ọmọ ló dúró níbẹ̀ yẹn. Ìjà àdúgbò kò lè dá a padà, ṣùgbọ́n wákàtí kan tí a bá fi yẹ ìdí igi wò kí òjò tó dé lè gbà á là.